Ìdẹ̀gbẹ́ ní Ẹ̀yìn Kìṣí: Ọdẹ Igbó Kìjikìji Wọ Pápá Ọ̀dàn

Ọjọ́ Àìkú

Ẹdẹ, Ẹjìgbò, Ògbómọ̀ṣọ́, Ìkòyí-Ilé, Ìgbẹ́tì, Kìṣí. Ọ̀nà tí mo gbà láti Ifẹ̀ nìyẹn, torí n kò fẹ́ kó sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ìbàdàn pẹ̀lú ìbọn lẹ́sẹ̀. Títí a fi dé Ẹjìgbò, ohun tí ojú mi mọ̀ ló ń rí: kòkó, ọ̀pẹ, ọ̀gẹ̀dẹ̀, igbó tí oòrùn kì í ráyè wọ̀. Nígbà tí a fi Ògbómọ̀ṣọ́ sẹ́yìn, igi bẹ̀rẹ̀ sí í jìnnà síra wọn. Èmì, igbá, ayín, koríko gbígbẹ láàrin wọn. Ibi tí iná sì ti kọjá ti dúdú lọ súà. Ní Ìgbẹ́tì, òkè àpáta ga gàgàrà sẹ́yìn ìlú, ọyẹ́ sì bò ó lórí débi pé ìdajì rẹ̀ nìkan la rí.

Oṣù Kìíní la wà. Ọyẹ́ ti mú ètè gbogbo èrò ọkọ̀ ya. Mo fi òrí pa tèmi, mo gbé ike òrí náà fún ìyá tó jókòó tì mí. Ó bù ú, ó fi pa ètè, ó wá bi mí pé níbo ni mò ń gbé ìbọn lọ. Mo ní mò ń lọ dẹ̀gbẹ́ ni.

"Ìwọ nìkan?"

Mo ní èmi nìkan ni, Mà. Ó yí ojú sí fèrèsé, kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí a fi dé Ìgbẹ́tì.

Mo mọ ohun tó ń rò. Ẹranko kọ́ lẹ̀rù igbó ayé ìsinsìnyí mọ́. Àwọn ajínigbé ti mú kí ọdẹ pàápàá máa béèrè ọ̀nà kó tó wọ igbó Òkè-Ògùn. Ìyàwó mi ti sọ ọ́ títí ó fi sú u. Ẹni tí a jọ máa ń ṣọdẹ nílé náà sọ ọ́, ó wá ní oko kò gba òun láyè. Ṣùgbọ́n láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ìtàn àwọn àgbà ọdẹ wa tí wọ́n gòkè lọ sí ọ̀dàn, mo sì fẹ́ fi ojú ara mi rí ilẹ̀ tí ènìyàn ti lè rí ẹran lókèèrè kó tó gbọ́ ìró rẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, etí ni ọdẹ fi ń ṣiṣẹ́. Ẹtu lè wà níwájú rẹ níbi tí o ti lè fọwọ́ kàn án, kó o má rí i.

Ìbọn ẹlẹ́nu kan ni mo gbé, pẹ̀lú kátírìjì oríṣi méjì: ọlọ́ta wẹ́wẹ́ fún awó àti ọ̀yà, ọlọ́ta ńláńlá fún ẹran tó bá ju ìyẹn lọ. Tọ́ọ̀ṣì orí méjì, kí ọ̀kan má baà kú mọ́ mi lórí. Àdá, ọ̀bẹ, okùn, iyọ̀, gàrí, kúlíkúlí, bàtà rọ́bà, kẹ́ẹ̀gì omi. Àpò àkísà kékeré kan tí mo kó eérú sí wà ní ọrùn mi. Ìlò rẹ̀ ń bọ̀. Ọlọ́pàá dá wa dúró kí a tó wọ Kìṣí, wọ́n gba láísẹ́ńsì ìbọn wò, wọ́n yẹ nọ́ńbà ara irin wò mọ́ ọn, ọ̀kan nínú wọn sì dá a padà fún mi pẹ̀lú "Àrìnpa o!" Ọmọ ọdẹ nìyẹn, n kò ní láti bi í.

Ọjọ́ Ajé

Àlejò ọdẹ kì í kàn kọjá sínú igbó onígbó. Mo gbé ìgò ṣìnáàpù kan àti obì lọ sílé Olúọ́dẹ ní abà tí mo wọ̀ sí. N kò ní í dárúkọ abà náà. Wọn kò fẹ́ kí èrò ya bò wọ́n.

Bàbá kò fọwọ́ kan ọtí náà títí ó fi yẹ̀ mí wò tán. Ta ló bí mi? Lọ́wọ́ ta ni mo ti kọ́ṣẹ́ ọdẹ? Ẹran wo ni èèwọ̀ ìdílé wa? Ṣé mo ti fi ìbọn pa ènìyàn rí, yálà mo mọ̀ ọ́n mọ̀ tàbí n kò mọ̀ ọ́n mọ̀? Ó béèrè èyí tó gbẹ̀yìn yìí lóhùn kan náà tó fi béèrè tàwọn yòókù. Mo ní rárá, Bàbá. Ó dá obì, obì yàn, ó ta ọtí sílẹ̀ fún Ògún, ó ní kí n jókòó dáadáa.

Ó wá la ilẹ̀ fún mi. Gúúsù ni igbó ọgbà ẹranko ìjọba àpapọ̀ wà sí wa, n kò gbọdọ̀ gbé ìbọn dé ibẹ̀, n kò gbọdọ̀ lé ẹran tó gbọgbẹ́ débẹ̀ pàápàá. Ilẹ̀ náà ju 2,500 kìlómítà onígun mẹ́rin lọ. Láti ayé òyìnbó ni wọ́n ti ń dáàbò bò ó: igbó ọba ni apá kan láti 1936, apá kejì láti 1941, wọ́n sọ ọ́ di igbó ẹranko ní 1952, ó sì di ọgbà ìjọba àpapọ̀ ní 1991. Inú ibẹ̀ ni ahoro Ọ̀yọ́-Ilé wà, olú-ìlú tí àwọn Aláàfin fi sílẹ̀ ní nǹkan bí igba ọdún dín díẹ̀ sẹ́yìn. Mo ti gbọ́ kí àwọn ọdẹ kan máa ṣépè fún àwọn ẹ̀ṣọ́ tó ń ṣọ́ ọgbà náà. Èmi kò bá wọn sí i. Ibo ni ẹran tí à ń pa níta ì bá ti máa wá, bí kò bá sí ibi tó ti lè bímọ láìgbọ́ ìró ìbọn?

Ọ̀rọ̀ kejì ni ti gáà. Àwọn Fúlàní wà káàkiri, wọ́n sì máa ń da màlúù jẹ̀ lóru nígbà ẹ̀ẹ̀rùn torí oòrùn. Ẹni tó bá yìnbọn pa màlúù, kò pa ẹran, ẹjọ́ ló pa. Bàbá na ìka sí tọ́ọ̀ṣì tó wà lórí àpò mi.

"Ojú kọ́ là ń yìnbọn sí níbí, ìwọ ọmọ Ifẹ̀. Ara ni. Bí o bá rí ojú, tí o kò rí ara, o kò tíì rí nǹkan kan."

Ní ìrọ̀lẹ́, ọmọ rẹ̀ fi ọ̀kadà gbé mi lọ sí ahéré oko àgbàdo kan tí ẹni tó ni ín ti kórè tán. A fi àdéhùn sí i: mo gbọ́dọ̀ fóònù lójoojúmọ́ láti orí àpáta kan tí nẹ́tíwọọ̀kì ń dé. Bí ọjọ́ kan bá kọjá tí wọn kò gbóhùn mi, àwọn ọdẹ abà á wá mi wá. Mo sì sọ apá ibi tí n ó máa gbà fún un, n kò ní í yà kúrò níbẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

N kò yìnbọn lónìí, n kò tilẹ̀ kì í. Ilẹ̀ ni mo rìn.

Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ń ti àríwá ìlà-oòrùn fẹ́ bọ̀, kì í sì í yí padà bọ̀rọ̀ láàárọ̀. Ìyẹn nìkan tó ẹ̀bùn. Nínú igbó kìjikìji, afẹ́fẹ́ kì í ní ojú kan pàtó. Níbí, mo gbọn àpò eérú, mo wo ibi tó ń lọ, mo kọjú sí ibi tó ti ń bọ̀. Gbogbo ẹran tó wà níwájú mi kò lè gbóòórùn mi. Èyí tó wà lẹ́yìn mi ti mọ̀ pé mo dé, ó ti lọ. Àríwá náà ni mo sì ń lọ, tí ọgbà ìjọba sì wà lẹ́yìn mi.

Àmọ́ ilẹ̀ jíjó ń pariwo. Ewé èmì tó já lẹ́yìn iná ń fọ́ lábẹ́ bàtà, gbogbo ayé sì ń gbọ́. Mo kọ́ láti máa tẹ ẹsẹ̀ sórí eérú àti sórí àpáta, kí n yẹ ewé sílẹ̀. Ojú ibi tí iná ti kọjá ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn ti yọ ọ̀mùnú koríko tútù, ibẹ̀ ni ẹran ń wá lálẹ́. Mo rí ẹsẹ̀ ẹtu kéékèèké. Mo rí ti ìmàdò, orí rẹ̀ kúńdú, pẹ̀lú ibi tó fi imú tú ilẹ̀. Mo rí ibi tí ọ̀yà ti gé koríko ní dídà, ó sì ṣu sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Létí odò tó ti gbẹ ku adágún mélòó kan, igi pọ̀ ní ìhà méjèèjì, ó fẹ́ jọ ti ọ̀dọ̀ wa. Ẹsẹ̀ ìgalà wà níbẹ̀, orí rẹ̀ mú, ó jìn sínú ẹrọ̀fọ̀. Akọ ni, bí mo ti wo ìwọ̀n rẹ̀.

Mo wá igi igbá kan tó ya ẹ̀ka dáadáa, mo di ègùn sí i lórí pẹ̀lú ọ̀pá mẹ́ta àti okùn. Kò ga ju ìlọ́po méjì ènìyàn lọ. Ẹni tó dá wà nínú igbó kò gbọdọ̀ gun ibi tó lè ti jábọ́ ṣẹ́ ẹsẹ̀. Ta ni yóò gbé e?

Ọjọ́rú

Alẹ́ àná ni mò ń kọ, torí oorun ni mo fi ojúmọ́ sùn.

Òṣùpá ti ń kú lọ, kì í yọ mọ́ títí di ọ̀gànjọ́. Wákàtí tó ṣókùnkùn yẹn ni ti tọ́ọ̀ṣì. Mo jáde lẹ́yìn tí mo jẹ ẹ̀bà tán. Tọ́ọ̀ṣì kò sì tíì tàn dáadáa tí ojú fi bẹ̀rẹ̀ sí í dá mi lóhùn. Ìràwọ̀ wẹ́wẹ́ aláwọ̀ ewé nínú koríko: aláǹtakùn ni, wọ́n pọ̀ ju ohun tí ọmọ ìlú lè gbà gbọ́. Ojú pupa kan ṣoṣo lórí ilẹ̀ lójú ọ̀nà, tó mọ́lẹ̀ débi pé ọdẹ tuntun á ti gbé ìbọn sójú: ẹyẹ òru tó máa ń sùn sílẹ̀ ni, ó fò lẹ́sẹ̀ mi. Ehoro kan dúró, ó wò mí, mo fi í sílẹ̀. Bí mo bá ti yìnbọn sí ehoro, gbogbo ohun tó wà létí odò á ti gbọ́.

Mo dé etí ibi tó jó. Ojú méjì tàn lókèèrè, lẹ́yìn náà méjì mìíràn, lẹ́yìn náà wọ́n pọ̀. Wọ́n ga díẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n ń rìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, wọ́n ń dúró, wọ́n ń tẹ orí ba. Ẹran tó ń jẹ koríko ni, kò sí àní-àní. Ọkàn mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í lù, ọwọ́ mi ti wà lórí ìbọn. Ohun tí mo kọ́kọ́ wò ni àlàfo tó wà láàrin ojú kan àti èkejì. Ó fẹ̀ jù. Ìgalà kò ní irú iwájú orí bẹ́ẹ̀. Bí mo sì ti fi tọ́ọ̀ṣì tọ ẹ̀gbẹ́ ojú náà lọ láti wá ara, mo rí nǹkan funfun kan: awọ màlúù.

Lẹ́yìn náà ni ẹnìkan húkọ́.

Ojú ènìyàn kì í tan bí a bá tan iná sí i lóru. Gbogbo ọdẹ ló mọ̀ ọ́n. Màlúù, ajá, ológbò, ẹtu, gbogbo wọn ní ohun kan lẹ́yìn ẹyinjú tó ń dá ìmọ́lẹ̀ padà. Àwa kò ní in. Ọmọkùnrin tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ màlúù rẹ̀ yẹn, tó wé aṣọ mọ́ orí nítorí ọyẹ́, kò sí lójú tọ́ọ̀ṣì mi rárá. Màlúù nìkan ni tọ́ọ̀ṣì fi hàn. Ó ti ń wò mí láti ìgbà tí mo ti tanná, òun kò sì lè sá torí màlúù rẹ̀.

Mo ṣẹ́ ìbọn, mo yọ kátírìjì, mo pariwo pé, "Ọdẹ ni o! Mo ti rí yín!" Ó dáhùn ní Yorùbá Kìṣí tó já gaara ju tèmi lọ: "Ẹ kú ọdẹ o! Ẹ má yìnbọn o, Bàbá!" Kò ju ọmọ ọdún mẹ́rìnlá lọ. Mo joko tì í lórí àpáta, mo fún un ní kúlíkúlí. Ó ní ọdún tó kọjá, ẹnìkan pa màlúù àbúrò bàbá òun lóru lọ́nà yìí, ẹni náà sì sá lọ. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ní kí òun máa húkọ́ bí òun bá rí iná. Nítorí náà, ikọ́ yẹn kì í ṣe ikọ́ ọyẹ́.

N kò tún lọ síbòmíràn lálẹ́ náà. Ìfẹ́ ìbọn ti kúrò lára mi. Ọ̀pọ̀ ọdẹ tí mo mọ̀ ló ń fi ojú pa ẹran, tí wọ́n sì ń fi í yangàn: "Mo kàn rí ojú ni, mo sì fà á." Inú mi kì í dùn sí i kí n tó wá, àmọ́ mo máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́bọ̀

Ọyẹ́ le gan-an. Kò sí òkè, kò sí ilẹ̀. Ní kùtùkùtù, mo yin awó méjì níbi tí wọ́n ti ń sọ̀ kalẹ̀ lórí igi, ìyẹn sì di ọbẹ̀. Ọmọ gáà ìjẹta bá mi gbé wàrà wá láti ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀, ó kọ̀ láti gba owó. Ó ní akọ ìgalà kan máa ń mu omi ní adágún òkè lọ́hùn-ún, kì í ṣe ti ibi tí mo di ègùn sí, àti pé ìrọ̀lẹ́ ló máa ń wá, kí òkùnkùn tó ṣú. Mo tú ègùn, mo ru ọ̀pá àti okùn lọ síbẹ̀. Mo fóònù ilé. Ìyàwó mi ní ohùn mi ti há, mo ní ọyẹ́ ni.

Ọjọ́ Ẹtì

Mo ti wà lórí ègùn kí oòrùn tó rọlẹ̀. Mo gbọn eérú, ó fẹ́ kúrò lọ́nà adágún. Ìjímèrè kan mú ìdílé rẹ̀ wá mu omi, wọ́n ṣọ́ ilẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, wọ́n lọ. Àparò ké. Nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, mo sì ń bá oorun jà.

N kò rí i nígbà tó dé. Mo kàn rí i pé ó ti wà níbẹ̀: lábẹ́ igi, ìlà funfun lára rẹ̀ kò yàtọ̀ sí oòrùn tó ń gba àárín ewé wọlé. Orí rẹ̀ sókè, ìwo rẹ̀ lọ́ díẹ̀. Kò mu omi. Ó dúró, ó ń fetí sílẹ̀, mo sì ń mí díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó tẹ orí ba, ó fi ẹ̀gbẹ́ hàn mí lódindi. Kò tó ọgbọ̀n ìgbésẹ̀. Mo wọn ẹ̀yìn apá rẹ̀, mo fà á.

Ó fò sókè, ó wọ igbó.

N kò sọ̀ kalẹ̀. Mo jẹ obì kan tán pátápátá kí n tó sọ̀. Ẹran tó gbọgbẹ́ tí a kò bá lé á dùbúlẹ̀ nítòsí. Èyí tí a bá lé á sá títí yóò fi kú síbi tí a kò ní í rí i. Ẹ̀jẹ̀ wà lórí ewé, ó pupa fẹ́ẹ́rẹ́, ó ń hó. Ẹ̀dọ̀fóró nìyẹn. Bí ó bá ti dúdú, tí nǹkan aláwọ̀ ewé wà nínú rẹ̀, ikùn ni, èmi ì bá sì ti dúró di ìdájí. Mo tọ ẹ̀jẹ̀ náà ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ìbọn ní ìmúrasílẹ̀, torí akọ ìgalà tó gbọgbẹ́ kì í fi gbogbo ìgbà sá. Irú rẹ̀ ti fi ìwo gún ọ̀pọ̀ ọdẹ àti ajá ọdẹ. Ó wà lẹ́yìn òkìtì kan, ó dojú bolẹ̀. Mo gba ẹ̀yìn bọ̀ sí i, mo fi ọ̀pá gígùn kan ẹyinjú rẹ̀. Kò ṣẹ́.

Ògún, mo dúpẹ́. Mo sọ ọ́ síta, kò sì sí ẹni tó gbọ́.

Ibi tí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àwọn tó ń jẹ ẹran ìgbẹ́ ní búkà rò pé ìbọn ni iṣẹ́ ọdẹ. Ẹran náà tó bí ogójì kílò, èmi nìkan ni mo sì wà. Mo kọ́kọ́ yọ ìfun rẹ̀ kí ó má baà bàjẹ́, mo wo ẹ̀dọ̀ rẹ̀: ó mọ́, kò ní àmì kankan. Mo gé e sí ọ̀nà, mo so ìdajì kọ́ igi kí n tó ru ìdajì lọ sí ahéré, mo tún padà wá ru ìyókù. Ọrùn mi ṣì ń ro mí bí mo ti ń kọ èyí. Mo ṣe pẹpẹ pẹ̀lú igi tútù, mo fi igi ayín dáná sábẹ́ rẹ̀, torí ayín kì í yára jó tán, èéfín rẹ̀ kì í sì í mú ẹran korò. Iyọ̀ díẹ̀. Títí ilẹ̀ fi mọ́ ni mo ń yí ẹran padà, tí mo ń jẹ ẹ̀dọ̀ sísun. Àwọn àgbà ní bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́, ro ìyà, tó bá pa ẹran kò ní í fún ẹnikẹ́ni jẹ. Ó yé mi lálẹ́ yìí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta

Ọmọ Bàbá wá pẹ̀lú ọ̀kadà. A kọ́kọ́ yà sí gáà, mo fi apá kan fún ìyá ọmọ yẹn. Nílé Olúọ́dẹ, orí lọ sí ojúbọ Ògún, itan kan jẹ́ ti Bàbá bí a ti jọ sọ ọ́. Ó sun ìjálá ìgalà fún mi, ohùn rẹ̀ kéré ṣùgbọ́n ó gún. Ẹsẹ̀ méjì nínú rẹ̀ jọ ti ilé wa, àwọn yòókù ṣàjèjì sí mi. Mo bẹ̀ ẹ́ kó tún un sun kí n gbà á sórí fóònù. Ó ní rárá, kí n padà wá lọ́dún tó ń bọ̀ wá kọ́ ọ.

Ó béèrè bí mo ti yìnbọn. Mo ní ìrọ̀lẹ́ ni, ojúmọ́ ṣì wà, mo rí gbogbo ara rẹ̀. Ó mi orí, ó bu ọtí.

Ọjọ́ Àìkú

Awakọ̀ Kìṣí sí Ògbómọ̀ṣọ́ ní apẹ̀rẹ̀ ẹran mi gbọ́dọ̀ san owó èrò kan, torí òórùn èéfín máa lé àwọn èrò sọ̀ kalẹ̀. Mo ní ta ni èéfín ẹran lé rí? Èrò méjì tó wà lẹ́yìn ti ń bi mí iye tí mo fẹ́ ta ẹsẹ̀ kan. A fa ọ̀rọ̀ náà títí ọkọ̀ fi kún. Ní ìparí, ó gba egungun ìhà mélòó kan, ó fi wọ́n sẹ́yìn ìjókòó rẹ̀, ó sì ń bù wọ́n jẹ títí a fi dé Ìkòyí-Ilé.